Ẹ yé ta nọ́ńbà ṣásí ọkọ̀ tó ti kú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Birmingham ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Iṣẹ́ páńẹ́lì bítà ni mò ń ṣe. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti kọ́ ọ, mo ṣe é fúngbà díẹ̀ ní Múṣin, mo sì ti ń ṣe é níhìn-ín láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ mọ́tò ńlá tó wà ní Longbridge kò tíì kógbá sílé. Ọkọ̀ àtijọ́ ni wọ́n ń gbé wá bá mi jù: Mini, MGB, Morris Minor, àti ìjàpá Volkswagen lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi orúkọ bò, torí pé ọmọ ìjọ wa kan wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nawọ́ sí i.

Ọmọkùnrin náà gbé Mini kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mini ọdún 1994 ni, ara rẹ̀ ṣì le dáadáa. Ó wá fa àpòòwé kan yọ lápò. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń fi rífẹ́ẹ̀tì kàn mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí nọ́ńbà ṣásí wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ìwé mọ́tò tí wọ́n kọ Austin Cooper S ọdún 1965 sí, ìyẹn oríṣi Mini àtijọ́ kan. Ó ní ọjà tí wọ́n ti ń ta àlòkù ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́ ni òun ti rà á. "Dádì, ẹ kàn bá mi ṣí ti tẹ́lẹ̀ kúrò, kí ẹ kan èyí síbẹ̀. Ẹ tún bá mi gbé ìdè ilẹ̀kùn rẹ̀ síta bíi ti àtijọ́." Mo bi í pé ọkọ̀ tó ni nọ́ńbà náà ńkọ́? Ó ní ó ti dógùn-ún tán, pé ẹni tó tà á fún òun kò ní ju irin àti ìwé náà lọ.

Mo ní n kò ní ṣe é. Inú bí i. Ó ní kò sí òfin tó ní kí èèyàn má ra irin pẹlẹbẹ, pé gbangba ni wọ́n ń tà á, pé àwa àgbà ti bẹ̀rù òyìnbó jù. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, àwọn mìíràn ti pè mí láti Ìbàdàn àti Èkó, wọ́n ń bi mí bóyá mo lè bá àwọn wá irú irin bẹ́ẹ̀ fún ìjàpá, fún Mercedes àtijọ́. Wọ́n rò pé ọjà tó mọ́ ni. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyẹn, nítorí ìwé ìròyìn yín ni tilé-tòkèrè ń kà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Nọ́ńbà tí à ń rí níwájú àti lẹ́yìn mọ́tò, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń tà á. Láti ọdún 1989 ni àjọ DVLA, tó ń mójú tó ìwé ọkọ̀, ti ń gbé nọ́ńbà aláràbarà sórí gbàǹjo. Ní 2014, ẹnì kan ra "25 O" ní £518,000. Owó tirẹ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò sì bá a wí. Èèyàn lè yọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lára ọkọ̀ kan kó gbé e sórí òmíràn, ìwé yóò sì fi hàn pé ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà ṣásí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló fún un lọ́jọ́ tó ń jáde, òun nìkan ló ni ín, wọn kì í sì í gbé e fún ẹlòmíràn. Láti 1981 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, tí kò sì sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀, kí ojú má baà tàn ẹnikẹ́ni. Àwọn ọkọ̀ tó ṣáájú ìgbà náà, bó ṣe wu ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ṣe kọ tirẹ̀. Volkswagen máa ń tẹ nọ́ńbà ìjàpá sára irin gan-an, lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, ní àfikún sí pẹlẹbẹ tó wà níwájú níbi táyà àfirọ́pò. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ lórí ìjàpá ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Ti Mini àtijọ́ rọrùn púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn oníbàjẹ́ ti rọ́nà gbà.

Owó tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Láàárín 1963 sí 1971 ni wọ́n ṣe Cooper S. Ọkọ̀ kékeré yìí ni Paddy Hopkirk fi gba eré ìje Monte Carlo ní 1964, irú ọkọ̀ yìí náà ni Timo Mäkinen fi gbà á ní 1965, tí Rauno Aaltonen sì fi gbà á ní 1967. Láti ìgbà náà ni àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò kò ti lè gbàgbé rẹ̀. Iye tí wọ́n ń ta ojúlówó rẹ̀ jìnnà púpọ̀ sí iye Mini lásán, bẹ́ẹ̀ ojú tí kò mọ̀ kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ lójú títì. Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún kì í san owó orí lọ́dọọdún níhìn-ín, wọn kì í sì í fi dandan mú un lọ fún àyẹ̀wò ọdọọdún. Tó bá wọ àárín Birmingham, kò ní san £8 tí wọ́n ń gbà lójúmọ́ lórí èéfín ọkọ̀. Ẹ wá wo Mini 1994 tó wọ aṣọ 1965: ó bọ́ lọ́wọ́ owó orí, ó bọ́ lọ́wọ́ owó èéfín, ó bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò bíréèkì, lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì fẹ́ tà á, wọn yóò tà á ní iye tí kò tọ́ sí i.

Àyẹ̀wò yẹn ló dùn mí jù. Èmi ni mò ń ṣí abẹ́ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí. Tí wọ́n bá ti gé ilẹ̀kùn tí wọ́n tún un jó, tí wọ́n gé ẹ̀yìn rẹ̀ kí gíláàsì lè kéré bíi ti àtijọ́, irin tí kò rí ojú ẹlòmíràn mọ́ ni wọ́n gbé sórí títì yẹn. Ọmọ ẹni lè jókòó sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òfin ńkọ́? Ọmọ wa sọ òtítọ́ díẹ̀. N kò rí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ ọ́ ní tààrà pé "má ta pẹlẹbẹ nọ́ńbà ṣásí". Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń ṣe tuntun tí kò ní nǹkan lára, fún ẹni tí tirẹ̀ ti jẹrà kọjá kíkà. Èmi náà ti rà á rí fún oníbàárà tí ọkọ̀ rẹ̀ wà níwájú mi, tí ìwé rẹ̀ pé, tí mo sì rí nọ́ńbà tó ti fẹ́ pa rẹ́ náà. Kò sí aburú nínú ìyẹn. Àmọ́ òfin jìbìtì wọn ti ọdún 2006 kò wo irin, ohun tí èèyàn fẹ́ fi ṣe ló ń wò. Abala kẹfà rẹ̀ sọ pé ẹni tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi lu jìbìtì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5. Abala keje sọ pé ẹni tó ṣe é, tó tà á tàbí tó fi lọ̀ pé òun ń tà á, tó sì mọ̀ pé jìbìtì ni wọn yóò fi ṣe, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ẹ kíyè sí i pé ìjìyà olùtajà ju ti ẹni tó mú un lọ́wọ́ lọ. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ ṣáájú wọn: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá patẹ pẹlẹbẹ kan pẹ̀lú ìwé mọ́tò, tí kò sí ọkọ̀ níbẹ̀, kí ló rò pé ẹni tó rà á fẹ́ fi ṣe?

Ìwé náà pàápàá, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ni ọkọ̀. Ẹni tó rà á láìsí ọkọ̀ kò ra nǹkan kan. Tí ọkọ̀ bá sì ti lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí láti wó o, tí wọ́n ti fún olówó rẹ̀ ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti wó o, nọ́ńbà yẹn kò tún lè padà sí ojú títì láéláé.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, máàkì ni DVLA fi ń mọ̀ bóyá ọkọ̀ tí wọ́n ti pààrọ̀ nǹkan púpọ̀ lára rẹ̀ ṣì ni ọkọ̀ ti tẹ́lẹ̀. Ṣásí tàbí odindi ara ọkọ̀ ní máàkì 5. Àwọn irin tó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ ró ní 2, irin tó so táyà pọ̀ ní 2, gíá ní 2, ìtọ́kọ̀ ní 2, ẹ́ńjìnnì ní 1 péré. Kò gbọdọ̀ dín ní 8 kó tó lè máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo ti ka ètò yẹn títí, n kò rí ibi tí wọ́n ti fún pẹlẹbẹ ní máàkì kankan.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston àti Atlanta, tiyín le ju tiwa lọ. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ yọ nọ́ńbà ọkọ̀, tó pa á rẹ́ tàbí tó yí i padà, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5. Ẹni tó bá ń ra ọkọ̀ tàbí ẹ̀yà ọkọ̀ tí wọ́n ti yí nọ́ńbà rẹ̀, tó sì mọ̀, kó lè tà á, ọdún 10 ni tirẹ̀ lè dé. Ó yọ ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe sílẹ̀, tó bá jẹ́ pé àtúnṣe náà ló mú kó di dandan láti ṣí i. Ìyẹn dára, nítorí pé kò sí bí èmi ṣe fẹ́ jó irin tó ti jẹrà lábẹ́ pẹlẹbẹ láìkọ́kọ́ ṣí pẹlẹbẹ náà. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ya fọ́tò rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án, mo tún yà á nígbà tí mo bá ṣí i, mo fi sínú àpòòwé pẹ̀lú orúkọ olówó ọkọ̀, kì í sì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà títí yóò fi padà síbi tó ti wá.

Mo mọ̀ pé òfin tó le jù lè pa ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọkùnrin kan ní Kansas ra Corvette ọdún 1959 ní nǹkan bí $50,000. Nígbà tó gbé e lọ fún àyẹ̀wò ní 2017, àwọn ọlọ́pàá rí i pé wọ́n ti ṣí pẹlẹbẹ rẹ̀ rí nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe, rífẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kì í ṣe ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n gba ọkọ̀, wọ́n sì fẹ́ wó o. Kò jalè, kò parọ́. Ó ṣẹjọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì yí òfin wọn padà ní 2022 kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ sí olówó ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn. Àwọn tó ń ta pẹlẹbẹ lọ́tọ̀ ló fa irú ìfura yìí. Bí irọ́ bá ti pọ̀ nínú ọjà, olóòótọ́ náà yóò máa jẹ́jọ́.

Ẹjọ́ kan tún wà tí mo fẹ́ràn gidigidi, torí pé ó bá iṣẹ́ mi mu. Bentley kan wà tí wọ́n ń pè ní "Old Number One". Òun ló gba eré ìje Le Mans ní 1929, ó tún gbà á ní 1930. Lẹ́yìn náà wọ́n tún un tò, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì mìíràn tó tóbi jù ti tẹ́lẹ̀ lọ sínú rẹ̀. Ní 1932, ó fò kọjá etí pápá eré ìje Brooklands, Clive Dunfee tó ń wà á sì kú. Wọ́n tún un kọ́. Wọ́n yí ara rẹ̀ padà. Nígbà tó yá, ẹni tó ni ín fẹ́ tà á fún ilé iṣẹ́ kan ní mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn, àwọn yẹn ní kì í ṣe ojúlówó, pé kí ló kù níbẹ̀ nínú èyí tó sáré ní Le Mans? Ọ̀rọ̀ dé kóòtù ní 1990. Adájọ́ Otton ní ojúlówó ni. Kò sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pẹlẹbẹ. Ohun tó rí ni pé ọkọ̀ yẹn kò pòórá rí, kò sígbà tí wọ́n gbé òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ohun kan náà ni wọ́n ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ìtàn rẹ̀ kò sì já.

Mo ka ìdájọ́ yẹn sí ìtùnú fún gbogbo àwa tó ń jó irin. Tí mo bá pààrọ̀ ilẹ̀ Mini, tí mo pààrọ̀ ìyẹ́ rẹ̀, tí mo pààrọ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, òun náà ni, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé òun ló wà níwájú mi látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ṣùgbọ́n tí ohun tó wọ ṣọ́ọ̀bù mi bá jẹ́ pẹlẹbẹ nínú àpòòwé, ìtàn ọkọ̀ yẹn ti já. Tí a bá kàn án mọ́ òmíràn, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ra páṣípọ́ọ̀tù òkú, tó lẹ fọ́tò ara rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹnì kan lè sọ pé àwọn tó ń ra pẹlẹbẹ kì í ṣe onírọ́ tán, pé àwọn mìíràn kàn fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri. Òótọ́ ni. Mo mọ òyìnbó arúgbó kan tó ní pẹlẹbẹ ọkọ̀ bàbá rẹ̀ lórí tábìlì, èyí tí wọ́n ti wó tipẹ́. N kò lè sọ pé kó jù ú nù. Ohun tí mo sọ fún un ni pé kó jẹ́ kí n lu ihò sí àárín nọ́ńbà náà. Ó gbà. Ó ṣì rí ohun tí yóò fi rántí bàbá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè jí i lọ fi ṣe nǹkan lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ kí wọ́n lu ihò sí i, tó ní ó gbọ́dọ̀ wà lódindi kí òun tó rà á, ẹ má dá a lóhùn.

Ilé ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ wàyí. Kò sí ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá tí ẹ kò ti ní rí 504 àtijọ́ lẹ́yìn ilé, èyí tí wọ́n tò ní Kàdúná, tàbí ìjàpá tí wọ́n tò ní Ọjọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá ti kú, ewéko ti hù gba inú ọkọ̀ kọjá, àwọn ọmọ sì ń wá bí ilẹ̀ yóò ṣe mọ́. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń ra irin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù nìkan ló ń kan ilẹ̀kùn. Láti inú ohun tí àwọn tó ń pè mí ń sọ, àwọn kan ti ń wá báyìí tí wọn kò fẹ́ irin púpọ̀, tó jẹ́ pé ìwé àti nọ́ńbà ṣásí nìkan ni wọ́n ń béèrè. Owó tí wọ́n ń fi lọ̀ lè dára. Ẹ rántí pé orúkọ bàbá yín ló wà lórí ìwé náà. Ní 2022 ni Kọ́sítọ́ọ̀mù mú ètò wá láti máa fi nọ́ńbà ṣásí ṣírò owó orí ọkọ̀ tó ń wọlé, àwọn ọlọ́pàá náà sì ń béèrè rẹ̀ lójú títì. Bí ọkọ̀ tí wọ́n jí ní ibòmíràn bá ń rìn pẹ̀lú nọ́ńbà 504 bàbá yín, tí wọ́n fi gbé ènìyàn tàbí tí ó pa ènìyàn, ẹnu ọ̀nà yín ni ìwé yóò tọ́ka sí. Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà nílẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n bá ní kí ẹ bá wọn fi àpòòwé kékeré kan ránṣẹ́, ẹ bi wọ́n pé ọkọ̀ dà.

Ẹni tó bá fẹ́ ta 504 náà, kó tà á lódindi: ara rẹ̀, ìwé rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, fún ẹni kan ṣoṣo tó fẹ́ tún un ṣe, kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀. Mo ti rí ìjàpá tó burú ju àwọn wọ̀nyẹn lọ tó jí dìde. Tó bá jẹ́ pé irin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, kí wọ́n fi òòlù àti ìfọ́nrin pa nọ́ńbà náà rẹ́ lójú olówó rẹ̀ kó tó kúrò nínú ọgbà. Ẹni tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó sọ fún DVLA pé wọ́n ti wó ọkọ̀ náà, kó sì fi ìwé rẹ̀ lé àwọn tí ìjọba fọwọ́ sí láti wó o lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra Mini, MG tàbí Austin tí wọ́n pè ní ojúlówó, ilé ọnà mọ́tò tó wà ní Gaydon ní àkọsílẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n máa ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àwọ̀ rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré sí owó tí ẹ fẹ́ sọnù. Ẹ tún mú páńẹ́lì bítà lọ. Irin tí wọ́n ti jó lẹ́ẹ̀kejì kò ṣeé fi pamọ́ fún ẹni tó mọṣẹ́, ọ̀dà tó wà lábẹ́ pẹlẹbẹ náà kì í sì í purọ́.

Olóòtú, ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí oníròyìn yín kan lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti ọlọ́pàá, kó bi wọ́n léèrè ní pàtó ibi tí ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú yóò gbé ìwé ọkọ̀ tí kò lè rìn mọ́ lọ, ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, àti ìwé tí wọn yóò fún un dípò. Ẹ tẹ ìdáhùn wọn jáde pẹ̀lú àdírẹ́sì ọ́fíìsì. Gbàrà tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, èmi yóò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù mi, n óò sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó pè mí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Páńẹ́lì bítà ọmọ Ìjẹ̀bú, Birmingham